Ìdá Kẹta Tí Kò Jó

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nínú ẹjọ́ yìí ni pé òkú náà ti kọ ìròyìn èéfín tí kò tíì fà.

Láti ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni bébà náà ti wà lórí tábìlì mi. Mo ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá, n kò rí nǹkan kan. Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni ojú mi tó là. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ máa wá gbé obìnrin tó wà látìmọ́lé lọ, wọ́n á sì fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa, ẹni tó bá bá ọkọ̀ yẹn lọ kì í tètè padà wálé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ilé náà kí n tó máa sáré lọ. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wé sìgá ni. N kò sọ sìgá tín-ín-rín inú páálí tí èmi alára fi ogún ọdún fà, tó fi ikọ́ sí mi láyà débi pé gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè mí ní Baba Oníkọ́. Sìgá àwọn ọlọ́lá ni mò ń wí. Ewé tábà ni látòkè délẹ̀, ó ki tó àtàǹpàkò àgbàlagbà, wákàtí kan àtààbọ̀ lèèyàn fi ń fa ẹyọ kan. Kí wọ́n tó kó ìdì kankan sínú àpótí fún títà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ahọ́n Wúrà fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Òwúrọ̀ ló ń ṣe é, kí oúnjẹ tó kan ẹnu rẹ̀, omi lásán ló sì ń mu sí i. Fèrèsé á wà ní títì, òun nìkan ló máa wà nínú yàrá. Á fa ìdá kìíní nínú mẹ́ta, á kọ ohun tí ahọ́n rẹ̀ bá rí. Á fa ìdá kejì, á kọ ọ́. Á fa ìdá kẹta, á kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló máa kọ agbára sìgá náà, tí á sì fún un ní àmì nínú mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ Ajé, sìgá tuntun tó le jù lọ nínú gbogbo èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe rí ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ló wọlé. Nígbà tí wọ́n fi máa kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́wàá kọjá, ó ti dorí kodò lórí tábìlì, ẹ̀mí ti bọ́. Dókítà wa rí oògùn olóró lára ewé sìgá náà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ló wé sìgá ọ̀hún. Àǹtí Olówùú ni wọ́n ń pè é, nítorí òwú pupa ló fi ń di ìdì tirẹ̀ kó má baà pọ̀ mọ́ ti àwọn awéwé yòókù. Òun náà ló gbé àpótí kékeré tí sìgá náà wà nínú rẹ̀ láti ilé ìpamọ́ dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí a tú ilé rẹ̀, a bá kùkùté sìgá irú kan náà tí wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé ẹnu rẹ̀, tí wọ́n sì ti fà tán. Ọ̀gá mi ní oògùn ló ń dán wò. Ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ dán májèlé wò? Obìnrin náà pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́, kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìgbà tí wọ́n gbé tíì fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló la ẹnu. Ó tọ́ ọ díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, “Ó ń ta sánsán bí èèpo igi tí òjò pa.” Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú.

Ó wá di òwúrọ̀ Ọjọ́rú, mo gbé rúlà lé ohun tó kù nínú àwo eérú. Sìgá náà kò tíì jó dé ìdajì. Mo wo bébà. Ìdá kìíní: ata gbígbẹ, lẹ́yìn náà igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ìdá kejì: kòkó kíkorò, èèpo igi tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ìdá kẹta: awọ bàtà tuntun, oyin tó jóná díẹ̀. Eérú: funfun, ó dúró gírígírí. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà gún régé, bí ti ọmọ iléèwé tó ń da iṣẹ́ kọ. Eérú tó wà nínú àwo ńkọ́? Dúdú ni, ó sì ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ìlà agbára àti àmì tó wà nísàlẹ̀ nìkan ni ọwọ́ ti gbọ̀n, débi pé kò sẹ́ni tó lè kà á. Mo ní kí akọ̀wé wa fi awò ńlá yẹ̀ ẹ́ wò.

“Baba, ẹ fi ẹjọ́ yìí sílẹ̀,” ọ̀gá mi wí. Ó kéré sí mi ní ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún mi dáadáa, àfi tí mo bá ta kò ó.

“Ó kọ ìdá kẹta, Ọ̀gá. Kò sì fà á débẹ̀.”

“Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe é, ṣé kò lè mọ ohun tó ń bọ̀ ni?”

“Alásè gidi kì í sọ pé ọbẹ̀ dùn kó tó tọ́ ọ.”

Ó wo aago ara ògiri. “Aago mẹ́rin, Baba. Bí ẹ ò bá rí nǹkan gúnmọ́ mú wá, ó ń lọ nìyẹn.”

* * *

Igbákejì Ahọ́n Wúrà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá fi ọdún mọ́kànlá dúró de ipò ẹlòmíì, ojú á ti máa kán an. Ìgbà tí mo dé yàrá ìtọ́wò, orí àga olóògbé ni mo bá a. Tìmùtìmù àga náà ṣì tẹ̀ sí ibi tí ìdí onítọ̀hún tẹ̀ ẹ́ sí.

“Ẹ ò jẹ́ kí àga tutù,” mo ní.

“Iṣẹ́ kì í dúró de òkú, Baba.”

“Níbo lẹ wà ní aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ajé?”

“Lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ẹ pè é.”

Mo pè é. Òótọ́ ni, wọ́n yọ eyín ọ̀kánkán kan fún un, aago mẹ́wàá ló sì kúrò níbẹ̀. Ìrètí mi àkọ́kọ́ kú síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti wù mí kí ọkùnrin náà jẹ́ ọ̀daràn ọ̀hún.

Mo ní kó kó àwọn bébà àtijọ́ jáde fún mi. Fáìlì gìdìgbà mẹ́fà ni. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń kà wọ́n, mo ń wúkọ́. Fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ Ahọ́n Wúrà gbẹ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn: “Ata. Igi. Kò burú.” Lẹ́yìn náà, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó yí padà lójijì. Ó ń kọ nípa pápá tí iná jó lánàá, nípa inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kó aṣọ àgbàlagbà sí, nípa èèpo ọsàn tó gbẹ lórí fèrèsé.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn?”

“Ó ṣàìsàn. Ibà àti ọ̀fìnkìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ìgbà tó padà dé, ahọ́n rẹ̀ wá mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ya gbogbo wa lẹ́nu.”

“Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí gbogbo bébà yìí lẹ́yìn rẹ̀.”

“Òfin ni. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ tọ́ ọ.”

“Ṣé ẹ tọ́ ọ?”

Ó fi ahọ́n kan ihò eyín tí wọ́n yọ. “Ta ló máa ń tọ́ nǹkan wò lẹ́yìn Ahọ́n Wúrà, Baba?”

Ibẹ̀ ni mo ti rántí tíì. Èèpo igi tí òjò pa. Mo dìde lójijì débi pé fáìlì bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà ló wà lórí bébà ọkùnrin náà, ó sì ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

* * *

Tí ọkùnrin náà kò bá ní ahọ́n mọ́, tí imú rẹ̀ náà sì ti kú, ó lè fa ohunkóhun láìmọ̀. Oògùn tí òórùn rẹ̀ ń lé ènìyàn sá lè wọ inú rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí afẹ́fẹ́. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni pète rẹ̀. Èrò yẹn ni mo gbé dé ilé ìpamọ́.

Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Baba Sítọ̀, ọkùnrin sísanra tó fẹ́ràn ìmọ́tótó. Pẹpẹ mẹ́jọ ló wà nínú yàrá náà, sìgá kún méje, ìkẹjọ ṣófo. Mo fọwọ́ kan pákó rẹ̀.

“Ìgbà wo lẹ fọ eléyìí?”

“Ó ti pẹ́, ọ̀gá.”

“Ó ṣì tutù.”

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Dúróòmù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti sun nǹkan nínú rẹ̀. Mo fi igi tú eérú rẹ̀, mo rí ìdì òwú pupa kan tí iná kò jẹ tán. Mo mú un wọlé, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà. Ó jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ sì rọ.

“Ọjọ́ Ẹtì ni,” ó wí. “Kòkòrò tó ń lu tábà wọ pẹpẹ yẹn. Mo fín oògùn sí i, ọwọ́ mi ṣì, ó ta sára ìdì Àǹtí Olówùú. Kò yẹ kí oògùn yẹn dé ibi tí sìgá wà rárá.”

“Ẹ sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.”

“Mo rò pé Ahọ́n Wúrà máa gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó ṣáná sí i. Kò sóhun tó ń kọjá lẹ́nu rẹ̀, ọ̀gá. Á ní ó bàjẹ́, á jù ú nù, ẹnikẹ́ni ò ní bi mí léèrè. Ìdí tí mo ṣe fi ọ̀kan nínú ìdì náà sínú àpótí lọ́jọ́ Ajé nìyẹn.”

“Ẹ dìde, ká lọ. Ẹ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú ọ̀gá mi.”

Ó dìde lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń dìde ni ojú rẹ̀ ń le. Ó jẹ́ kí òwú náà bọ́ sílẹ̀. “Kí n sọ kí ni, Baba? Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ. Ká tiẹ̀ ní mo sọ ọ́, ta ló máa gbà pé Ahọ́n Wúrà fa oògùn kòkòrò fún ìdajì wákàtí, tí kò mọ̀?”

Mo ṣa òwú mi nílẹ̀.

* * *

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo wọ àtìmọ́lé. Àǹtí Olówùú jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ yí etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń yí i. Ewé tábà ti pa àwọn ìka náà láró, ọṣẹ kankan kò lè bọ́ ọ.

“Àǹtí,” mo ní, “láti ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n yín kò ti gbọ́ òórùn nǹkan mọ́?”

Àwọn ìka náà dúró.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: rúlà, eérú dúdú, tíì, fáìlì, òwú pupa. Mo ní, “Kò lè kọjá Ọjọ́bọ̀ tí ẹ fa sìgá yẹn nílé. Kò tíì lábàwọ́n nígbà náà. Ẹ kọ ohun tí ẹ tọ́ fún un, ó sì lọ dà á kọ lọ́jọ́ Ajé kó tó ṣáná. Oògùn ti ta sí ìdì náà lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀yin ò mọ̀.”

Ó mí kanlẹ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti há nítorí àìlò.

“Ó wá jẹun nílé mi lẹ́yìn àìsàn yẹn. Mo gbàgbé oúnjẹ sórí iná, ó jóná débi pé èéfín gba gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ tán, ó ní mo káre. Mo wò ó. Òun náà wò mí. Baba, àgbàlagbà ọkùnrin náà bú sẹ́kún.”

“Kí ló dé tí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀?”

“Kó wá di kí ni? Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn ìyá wa. Òun ló di ọwọ́ mi mú tó kọ́ mi ní ewé wíwé. Ṣé kí n jókòó kí n máa wò ó kó di ẹni ẹ̀sín?” Ó gbé ojú sókè wò mí. “Ẹ má rò pé àánú nìkan ni o. Obìnrin kì í jókòó sídìí tábìlì yẹn. Wọ́n ní ẹnu wa kò dúró sójú kan. Tí mo bá wá gbọ́ tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ mi sókè nínú ilé-iṣẹ́, tí gbogbo wọn ń mi orí, inú mi máa ń dùn. Inú mi ń dùn gan-an ni.”

“Gbogbo ohun tó wà lórí bébà, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?”

“Ó ku agbára. Agbára kì í ṣe ti ahọ́n, ara ló ń mọ̀ ọ́n. Sìgá tó le á jẹ́ kéèyàn làágùn, á gbá a láyà, orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i. Ìyẹn ló kù fún un. Mo máa ń fi ìlà yẹn sílẹ̀ kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, òun àti àmì.”

Ó yé mi bó ṣe kú. Òógùn bò ó, àyà rẹ̀ ń lù, ó sì rò pé agbára sìgá ni. Ẹlòmíì á ti jù ú nù, á ti sá síta. Òun jókòó, ó ń fà á, nítorí pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó rí ohun tí ara rẹ̀ lè tọ́.

“Àǹtí, ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi báyìí. Ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún mi yìí. Bí wọ́n bá ti gbà pé kò ní ahọ́n, Baba Sítọ̀ ò ní ibi tó máa sá sí. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè jẹ́rìí sí i.”

“Mi ò ní sọ ọ́.”

“Ẹ̀wọ̀n ni o! Fún ohun tí ẹ ò ṣe!”

“Mo ṣe é. Èmi ni mo mú afọ́jú, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó máa ṣọ́ ilé.” Kò gbé ohùn sókè rárá. “Àpótí yẹn wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Ajé. Òfin ní awéwé kò gbọ́dọ̀ ṣí i. Ká ní mo ṣí i, kí n gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀gbọ́n mi ì bá wà láàyè. Àmọ́ mo pa òfin mọ́. Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́ta rú u.”

“Ìyẹn kì í ṣe ìpànìyàn.”

“Orúkọ rẹ̀ wà lára gbogbo àpótí tó ti jáde láti ọdún mẹ́ta. Tí mo bá la ẹnu, ó di òpùrọ́ nínú sàréè. Èmi ni wọ́n lè tì mọ́lé, Baba. Òun kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́, màá ní irọ́ lẹ pa.”

Inú bí mi sí i, n kò ní purọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ti bẹ olè, mo ti bẹ apànìyàn, pé kí wọ́n jẹ́wọ́. N kò bẹ aláìṣẹ̀ rí pé kó gba ara rẹ̀ là. Mo bẹ̀ ẹ́ títí aago mẹ́ta fi kọjá. Ó ti padà sídìí etí aṣọ rẹ̀, ó ń wé e.

* * *

Ọ̀gá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán láìdá sí i. Ó wo rúlà, ó wo òwú, ó wo eérú.

“Mo gbà yín gbọ́,” ó wí.

Mo ti dìde láti lọ tú obìnrin náà sílẹ̀. Àṣé kò tíì parí ọ̀rọ̀.

“Àmọ́ ta ló máa jẹ́rìí, Baba? Baba Sítọ̀ ti pè mí, ó ní ẹ fẹ́ fi tipátipá mú òun sọ ohun tí òun ò mọ̀. Igbákejì ti pè, ó ní òun ló fọwọ́ sí gbogbo bébà, òun sì mọ̀ pé ahọ́n olóògbé pé. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà ti pè, ohùn wọn kò dùn. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti béèrè bírò, ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun ló ṣe é. Ẹ wò ó, ẹ̀yin nìkan lẹ kù.”

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ọjọ́ yẹn ni mo rí ojú rẹ̀ ní gbangba. Mo kọ ìròyìn mi síbẹ̀síbẹ̀, ojú ewé mẹ́rin. Ọ̀gá mi gbà á, ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó sì rọra tì í.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, akọ̀wé wa sáré bá mi ní ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ti ka ìlà tó gbọ̀n náà, òun sì ti dà á kọ sórí ìwé kékeré. Mo kà á lójú ẹsẹ̀, ó sì ṣe mí bíi kí n fà á ya. Wọ́n ti mú Àǹtí Olówùú wọ inú ọkọ̀. Ó rí ìwé náà lọ́wọ́ mi láti ojú wáyà fèrèsé.

“Ṣé ìlà agbára nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ kà á fún mi.”

“Àǹtí, ẹ jẹ́ kó—”

“Baba, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kà á.”

Mo kà á. “Agbára: ó kún ju gbogbo èyí tí mo ti fà lọ. Òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkì. Ọwọ́ tó wé e kò ní rọ. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.”

Kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wo àwọn ìka tó ti di dúdú náà, iwájú àti ẹ̀yìn.

“Eélòó lẹ pè é?”

“Mẹ́wàá.”

“Kò fún mi ju méje lọ rí,” ó wí. “Kí wọ́n má baà ní ó ń gbè sẹ́yìn àbúrò rẹ̀.”

Awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n sì gbé e lọ.